Fáànù Méjì Láti Àbíjàn

Bí wọ́n bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán ní ọjọ́ Ìsinmi, Olúrántí kì í dúró kí ẹnikẹ́ni. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, lọ́dọ̀ àwọn akọrin, ló ń gbà jáde. Kó tó dé ilé, gèlè ti bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti mọ̀; ó ti bu oúnjẹ rẹ̀ sínú kúlà, ó ti ṣí fèrèsé yàrá rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Aago méjì ni àdéhùn. Aago méjì ní Èjìgbò, aago kan ní Àbíjàn.

Abíọ́nà ló ń lọ pàdé. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń pàdé, nínú eré bọ́ọ̀lù.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Olúrántí. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Masifa. Ọ̀kadà ló ń gbé e lọ láàárọ̀, ọ̀kadà ló ń gbé e bọ̀ lọ́sàn-án. Kì í pariwo mọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n mọ̀ pé bó bá ti dákẹ́ jù, ẹnì kan ti ṣẹ̀ nìyẹn.

Ọdún kẹrin rèé tí Abíọ́nà ti lọ. Ó ń bá àbúrò bàbá rẹ̀ ta páàtì ọkọ̀ lọ́hùn-ún. Kò sí ilé kan ní àdúgbò wọn tí kò ní ẹnì kan ní Àbíjàn, nítorí náà kò sí ẹni tó sunkún nígbà tó ń lọ. Olúrántí náà kò sunkún. Ó bá a gbé báàgì dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbéra. Ó padà sílé. Ó ṣí àpótí kọ̀ǹpútà tí àwọn méjèèjì ń tò lọ́wọ́, ó sì ń bá iṣẹ́ náà lọ láti ibi tí Abíọ́nà dá a dúró sí.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ti kó kọ̀ǹpútà náà jọ. Àpótí rẹ̀ jẹ́ ti ọ́fíìsì kan ní Òṣogbo tó ń kó ẹrù àtijọ́ dànù. Tókúnbọ̀ ni ọpọlọ rẹ̀. Káàdì tó ń gbé àwòrán jáde, Ìbàdàn ni wọ́n ti rí i, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bi òun ní ohunkóhun. Kò sí ẹ̀yà kan lára rẹ̀ tí kò tíì sin ọ̀gá mìíràn rí. Ṣùgbọ́n ó tàn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tàn, Olúrántí ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, Abíọ́nà kò sì fèsì fún odidi wákàtí kan. Nígbà tó fèsì, ọ̀rọ̀ kan péré ni: "Rántí."

Kò sí òrùka láàárín wọn. Kò sí ìdána. Ohun tó wà láàárín wọn kò tíì ní orúkọ tí ìyá Olúrántí lè pè níwájú ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá bi ìyá náà léèrè, á ní, "Àwọn méjèèjì jọ ń kọrin nígbà kan ni."

Lórí fóònù, Abíọ́nà dà bí ẹni tí wọ́n ń wọn ọ̀rọ̀ fún. Hẹn. Kò burú. A dúpẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ti tán. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lórí eré, tí ojú rẹ̀ ń lé bọ́ọ̀lù kiri, ẹnu rẹ̀ á ṣí. Á sọ ti òjò tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Á sọ ti oníbàárà tó bú u ní Faransé, tí òun náà sì fi ẹnu Èjìgbò bú u padà, tí wọ́n wá di ọ̀rẹ́. Á sọ pé òun lá àlá pé òun ń wẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wọn, tí omi náà tutù. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni Olúrántí ń sá ti ṣọ́ọ̀ṣì wá gbọ́. Kò bìkítà fún góòlù.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, ooru dé.

Yàrá Olúrántí kò ní sílíǹ. Páànù ló wà lókè, oòrùn ọ̀sán sì jókòó sórí rẹ̀. Nọ́ńbà kékeré kan wà ní igun ojú kọ̀ǹpútà tó ń sọ bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe gbóná tó. Ní òwúrọ̀, ìdajì ọgọ́rùn-ún ni. Ní aago méjì ọ̀sán, bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà náà á máa gòkè bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Bó bá ti kan ọgọ́rùn-ún, kọ̀ǹpútà á pa ara rẹ̀. Kì í kìlọ̀. Ojú rẹ̀ á kàn ṣókùnkùn, Olúrántí á sì rí ojú ara rẹ̀ nínú gíláàsì.

Ó sọ fún Abíọ́nà. Ọ̀sẹ̀ kejì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan gbé páálí kékeré wá fún un. Fáànù méjì ló wà nínú rẹ̀. Abíọ́nà ti gé páànù pẹlẹbẹ, ó ti fi ṣe férémù yí ìkọ̀ọ̀kan wọn ká, ó ti lu ihò nọ́ọ̀tì sí i ní ibi tó yẹ gan-an, bí ẹni pé àpótí náà wà níwájú rẹ̀. Ọdún mẹ́rin, kò tíì gbàgbé ìwọ̀n rẹ̀. Olúrántí fi ìka tẹ̀lé etí páànù náà yí ká. Ó ti fi fáìlì ha á dán, kó má baà gé ènìyàn lọ́wọ́.

Lára férémù kan, ó fi tàdáwà dúdú kọ AV. Lára èkejì, ó kọ AR.

Olúrántí wo AV, ó rò pé orúkọ àwọn tó ṣe fáànù náà ni. Ó wo AR. Ó jókòó sórí ibùsùn.

A. R. Abíọ́nà. Rántí.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó de èyí tí wọ́n kọ AR sí mọ́ iwájú àpótí, kí lẹ́tà méjèèjì lè máa kọjú sí i bó bá jókòó. Ó de èkejì sẹ́yìn, níbi tí ògiri wà. Nígbà tí Abíọ́nà pè, ó bi í pé, "Ṣé o rí ohun tí mo kọ sára wọn?"

"Mo rí i," ni Olúrántí wí. Ojú tì í díẹ̀.

"Ó dáa. Ṣe é bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó tan kọ̀ǹpútà. Fáànù méjèèjì ń fẹ́. Ariwo wọn dùn mọ́ ọn, bí ẹni pé ẹnì kan ń mí nínú yàrá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré. Abíọ́nà gbá bọ́ọ̀lù kan wọlé, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó tún la ẹnu, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Rántí, mo fẹ́"

Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn.

Ó fi fóònù pè é lójú ẹsẹ̀. "Kí lo fẹ́ sọ?"

"Kò sí nǹkan kan. Ṣé ó tún kú ni?"

"Ó kú. Abíọ́nà, kí lo fẹ́ sọ?"

"Mo ní kò sí. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pè mí. Bá mi kí ìyá."

Ìṣẹ́jú méjìlá ni kọ̀ǹpútà lò lọ́jọ́ náà. Kó tó di pé fáànù tuntun dé, ó máa ń lo ogún.

Láti ọjọ́ náà, Olúrántí kò ní èrò méjì. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí tutù tó kí ọkùnrin náà lè parí gbólóhùn kan.

Ó sọ fún Sàídátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ́ni ní Masifa. Ìdí ni pé Sàídátù ti wò ó fún ọjọ́ méjì, kò sì lè wò ó mọ́.

"Kí ló ṣe ẹ́ tó o dà bí ẹni tí wọ́n jí aṣọ rẹ̀ lórí okùn?"

"Kọ̀ǹpútà ni."

"Ó tún kú?"

"Ìṣẹ́jú méjìlá. Abíọ́nà fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rọ ò jẹ́ kó parí ẹ̀."

"Gbé e sínú fíríìjì."

"Sàídátù."

"Mi ò ṣeré o. Tàbí kó o kúkú fẹ́ ẹ. Ṣebí òun lo máa ń sáré lọ bá tí ìsìn bá ti tán."

"O ò nítìjú."

"Mi ò ní. Bi í, kí ló fẹ́ sọ?"

"Mo bi í. Ó ní kò sí."

Sàídátù pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Àwọn ọkùnrin Àbíjàn yìí! Tí wọ́n bá ti ní kò sí, ó wà. Ó sì tóbi."

Olúrántí ṣe gbogbo ohun tó mọ̀. Ó ra ìpara tuntun, èyí tí wọ́n ń fi sí àárín ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti irin tó ń gba ooru kúrò lórí rẹ̀. Ó fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo iwájú àpótí nítorí eruku ọ̀nà. Ó gbé fáànù ńlá ti ìyá rẹ̀ dúró tì í. Ó ta aṣọ tútù sí ojú fèrèsé. Ọjọ́ Ìsinmi dé, ó lo ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Èkejì dé, ó lo mọ́kànlá. Ní kíláàsì, ó kọ ọ́ sójú pátákó pé afẹ́fẹ́ tó bá gbóná a máa gòkè, èyí tó tutù a sì máa gba ipò rẹ̀. Ó yí padà, ó wo ohun tó kọ, ó sì dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn, tí wọ́n ń wá ẹni tó ṣẹ̀.

Kò ronú kan fáànù tó wà níwájú. Kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Bó bá nu àpótí, á rọra nu ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà méjèèjì kí tàdáwà má baà ṣí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó gbé àpótí náà lé orí ọ̀kadà, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Matthias kí ó bá a fi atẹ́gùn lé eruku inú rẹ̀ jáde. Fọkanáísà ni Bàbá Matthias, lẹ́bàá ọ̀nà Masifa. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ọkọ̀ ẹrù láàárín Àbíjàn àti Bouaké kó tó wálé wá máa fẹ́ táyà.

"Ẹ káàsán, sà."

"Bọ̀ǹjúù, ìyàwó. Kí lo gbé mọ́ra bí ewúrẹ́ tó ń ṣàìsàn yìí?"

"Kọ̀ǹpútà ni, sà. Eruku inú rẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi fẹ́ dànù."

"Ṣé kò tíì jò? Mo lè lẹ̀ ẹ́ fún ẹ."

"Kò jò, sà."

"Ó dáa. Fún mi ní túúnẹ̀físì yẹn." Ó na ọwọ́, Olúrántí sì fún un ní irin tí wọ́n fi ń tú síkúrúù. "Fi ìka di abẹ̀bẹ̀ fáànù yẹn mú kó má yí. Atẹ́gùn tèmi kì í ṣe ti ẹnu o."

Ó ṣí ẹ̀rọ rẹ̀. Eruku pupa tú jáde, ó bò wọ́n lójú. Bàbá Matthias sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó wo iwájú àpótí, ó sì wo ẹ̀yìn.

"Ta ló kọ èyí?"

"Ẹnì kan ni, sà. Ní Àbíjàn."

"Ó ń ta páàtì ọkọ̀."

Olúrántí wò ó. "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Àwọn nìkan ló ń kọ ọ́ báyìí. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ ti gbé ẹ̀yìn síwájú."

"Báwo, sà?"

"A-V: àfáǹ. Iwájú nìyẹn lédè Faransé. A-R: àríẹ̀ẹ̀. Ẹ̀yìn. Èyí tó ní kó máa fa atẹ́gùn wọlé níwájú, o gbé e sẹ́yìn, ó ń fa ooru ara ògiri wọlé. Èyí tó ní kó máa lé ooru jáde lẹ́yìn, o gbé e síwájú. Fáànù kékeré orí irin yìí ń ti ooru lọ sẹ́yìn, tẹ̀yìn ń tì í padà. Àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jà, ooru sì jókòó sáàárín, ó ń wò wọ́n. Bí mo bá de páàtì iwájú mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi láyé ọjọ́un, ṣé ìwọ á bá mi níbí?"

Olúrántí wo lẹ́tà méjèèjì tó wà níwájú.

"Kí lo rò pé ó jẹ́?"

"Mi ò rò nǹkan kan, sà."

Bàbá Matthias ń nu ọwọ́. "Kí lorúkọ ẹ?"

"Olúrántí."

"Ẹni tó fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

"Abíọ́nà."

Bàbá náà na ìka kan sókè, ó na èkejì. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá itan, ó ní, "A! R! Yéè, mo gbé!" Lẹ́yìn náà ni ó rí ojú rẹ̀. Ẹ̀rín náà dákẹ́. Ó fa àga kan sún mọ́ ọn.

"Jókòó. Mo fi táyà kan ránṣẹ́ sí ìyàwó mi, ìyá àwọn Àánú, nígbà kan, pé kó tà á, kó fi owó rẹ̀ jẹun. Nígbà tí mo wálé lẹ́yìn ọdún kan, inú yàrá ni mo ti bá táyà. Ó ní ó ń rùn bíi tèmi." Ó ju aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀. "Táyà o. Mo bínú gan-an. Gbé síkúrúù wọ̀nyí dání kí wọ́n má sọnù."

Òun fúnra rẹ̀ ló bá a pààrọ̀ ipò fáànù méjèèjì. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó délé, Olúrántí tú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kúrò. Ó fa àpótí kúrò lára ògiri, ìbú ọwọ́ méjì. Ó kó bíríkì mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba ìsàlẹ̀. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó. AV ló kọjú sí i báyìí. Ó wò ó bí a ṣe ń wo àlejò tó jókòó sórí àga ẹni tó jáde.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, oòrùn mú ju ti ìgbàkígbà lọ. Ìyá rẹ̀ gbé àga lọ sábẹ́ igi ní iwájú ilé, ó ní yàrá ti di ààrò. Aago méjì lù. Nọ́ńbà igun kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ọgọ́ta. Márùndínláàádọ́rin. Mẹ́tàléláàádọ́rin. Ó dúró síbẹ̀. Olúrántí fi ọwọ́ sí ẹ̀yìn àpótí. Ooru ń tú jáde sí i láti ibẹ̀, gbogbo rẹ̀, láìdúró.

Ìṣẹ́jú méjìlá kọjá. Ogún kọjá. Wákàtí kan pé. Abíọ́nà sọ ti àbúrò bàbá rẹ̀ àti onílé. Ó sọ ti ìresì kan tí òun sè tó jóná. Wákàtí kejì pé. Ó sọ ti obìnrin Èjìgbò kan tó kú lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń bá ara wọn jà lórí bóyá kí wọ́n gbé e wálé. Kò padà sí gbólóhùn yẹn. Olúrántí ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ń dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni ó wá yé e pé ooru kọ́ ló di ẹnu rẹ̀.

"Abíọ́nà."

"Hẹn."

"Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà kú. O ní o fẹ́. Kí lo fẹ́?"

Ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dúró lójú pápá. Àwọn yòókù ń sáré yí i ká.

"Ṣé kò tíì gbóná báyìí?" ni Abíọ́nà bi í.

"Mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Kò ní kú."

"Kò ní kú," ó tún un sọ, bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́. "Wọ́n fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì ní Bouaké. Èmi ni wọ́n fẹ́ kí n lọ máa mójú tó o. Ọdún mẹ́ta."

"Ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn. Ìwọ ńkọ́?"

"Mo fẹ́ kó o wá. Kó o wá bá mi níbẹ̀. Kí àwa méjèèjì jọ wà."

Olúrántí gbé ọwọ́ kúrò lórí eré. Ọdún mẹ́rin ló ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú ọkàn rẹ̀ kó tó di pé wọ́n sọ ọ́. Ní gbogbo ìgbà tó gbọ́ ọ, iwájú ilé ni Abíọ́nà dúró sí. Eruku ìrìn-àjò wà lára bàtà rẹ̀. Ìyá ń wá àga tí yóò fún un.

"Irú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n máa ń wá sọ ọ́ nílé ni, Abíọ́nà."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n máa ń mú ẹbí dání wá."

"Mo mọ̀, Rántí." Ó mí sókè. "Tí mo bá wá, tí o wá ní rárá ńkọ́?"

Ó rò ó. Lóòótọ́ ló rò ó. Ìyá rẹ̀ ń kọrin lábẹ́ igi níta, ohùn rẹ̀ ti ń rẹlẹ̀.

"Wàá ti wá," ni ó wí.

Lẹ́yìn Abíọ́nà lọ́hùn-ún, Olúrántí gbọ́ ọkọ̀ tó ń fọn fèrè. Ó gbọ́ ẹnì kan tó ń pe orúkọ kan, orúkọ kúkurú, lédè Faransé, tí òun kò gbọ́ rí. Ó gbọ́ tí Abíọ́nà yí orí sí ẹni náà, nítorí pé orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún ni.

"Mò ń bọ̀," ni Abíọ́nà wí.

Olúrántí fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìgbọ́rọ̀ mọ́ etí. Kò mọ̀ bóyá òun ló sọ ọ́ fún, tàbí ẹni tó pè é.